Lórí Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀ Pupa Tí Ìjókòó Rẹ̀ Kò Ju Méjì Lọ

Saleafu, Savai'i
Ọjọ́ Ẹtì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá

Leutu, ọmọ mi àtàtà,

Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, kí ó bá ọ lórí ìjókòó, kí ó bá ọ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, kí ó má bá ọ nínú òtútù Auckland tí wọ́n ní ó máa ń wọ eegun lọ. Ọlọ́run tó ń mú oòrùn yọ lórí òkun Saleafu, kí ó máa mú un yọ níwájú bọ́ọ̀sì rẹ, kí ọwọ́ rẹ má rẹ̀, kí ojú rẹ má ṣú, kí àwọn èrò rẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wa ń bẹ láàyè. Orúnkún mi ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì kò dùn mí, nítorí náà ti òsì ni mò ń dúpẹ́ fún láràárọ̀. Gbẹ̀rẹ̀fútù ẹ̀yìn ilé so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ kan ya lu ilé ìdáná, àwa náà sì sun gbogbo èso orí ẹ̀ka náà jẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá bí mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú wọn jọ pásítọ̀ wa nígbà tó bá ń ronú, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi ọwọ́ kọ èyí nítorí pé èmi àti fóònù yẹn ti jà. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá tí ohùn rẹ wọ inú rẹ̀, mo jókòó dáadáa, mo ní Leutu, ṣé àlàáfíà ni, o kò dáhùn, o kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Mo ní kí o dúró kí n sọ ìkòkò kalẹ̀ lórí iná, o kò dúró. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹta lo já lu ọ̀rọ̀ mi. Inú wá bí mi, mo ní bí ọmọ bá ti pẹ́ ní ìlú ńlá kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fọhùn mọ́, mo sì ki fóònù náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí kí o lè jókòó síbẹ̀ ronú nípa ìwà rẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Moelagi, aya Ropati, tó ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe ìwọ gan-an ló ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, pé ńṣe lo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ tí o dì í ránṣẹ́ bí ẹni di oúnjẹ sínú ewé. Jọ̀wọ́, gbogbo ohun tí mo sọ sí ọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo ti kó o jẹ.

Ṣùgbọ́n kí n tó bínú ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Mo gbọ́ pé o rí ọkọ̀ asáré kan, pupa, àlòkù, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, pé ọ̀gbẹ́ni tó ni ín fẹ́ tà á, pé ìtọ́jú rẹ̀ ń jẹ owó bí ọmọ jòjòló ṣe ń mu ọmú, àti pé o kò ní fọwọ́ kàn án bí èmi àti ẹbí kò bá lóhùn sí i. Mo sì wo àwòrán rẹ̀. Ọmọ mi, ta ló jókòó lé e? Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹja tó ń sùn sínú iyanrìn. Mo wá ìjókòó ẹ̀yìn títí, mi ò rí i, mo wá dójú fóònù bolẹ̀ kí n lè wo ọkọ̀ náà láti òdìkejì, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ó ní agbára ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin. Bàbá rẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ẹṣin kan péré ló ní láyé, ẹyọ kan yẹn jẹ ẹní mi, ó jẹ aṣọ tí mo sá, ó sì jẹ ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé orin Kérésìmesì. Mo ronú, ronú, mi ò mọ ibi tí wàá ti rí koríko tó máa tó wọn ní Auckland.

Ti fọ́ọ̀mù báǹkì tí o ya àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn, Moelagi ti kà á fún mi. Níbi tí wọ́n ti bi ọ́ pé ènìyàn mélòó ló gbára lé ọ, mo rí i pé òdo lo kọ. Ó dùn mí díẹ̀. Mo mọ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, o kò fẹ́ fi ẹbí rẹ yangàn lójú àlejò, ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ náà ní ibi tó mọ. Mo ti kọ orúkọ gbogbo wa sí ẹ̀yìn ìwé yìí, àwa mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú ọjọ́ orí oníkálukú àti ohun tó ń ṣe é lára, kí o bá mi fà á lé ọ̀gá báǹkì lọ́wọ́. Bí ó bá rí i pé ènìyàn tó tó báyìí ló gbára lé ọ tí a kò sì ṣubú, yóò mọ̀ pé o ṣe é fẹ̀yìn tì, yóò tún fi díẹ̀ lé owó náà fún ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí a ti jẹ kókò tán tí olúkúlùkù ń tú ìgbànú, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Tuala ẹ̀gbọ́n mi. O mọ̀ ọ́n, bí ó ti jẹ́ olórí ẹbí, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè irú àìsàn tó pa ẹni tó lo ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mo ní onítọ̀hún kò kú. Ó ní kí ló dé tó fi ń tà á nígbà náà. Ó wo àwòrán náà, ó nà án jìnnà, ó fà á mọ́ra, ó wá ní ọkọ̀ tí kò lè gbé àwọn arábìnrin òun méjì lọ síbi ìsìnkú kì í ṣe ọkọ̀, aṣọ ni. Ó ní bí o bá fẹ́ ra ọkọ̀ lóòótọ́, kí o ra oníjòókòó méjìlá, kí o lè máa fi wá kó wa ní pápákọ̀ òfuurufú bí a bá wá kí ọ. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò ní purọ́ fún ọ, èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo tún fi kún un pé kí ó jẹ́ aláwọ̀ eérú kí ìdọ̀tí má hàn. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé rárá.

Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, bí mo bá fẹ́ sọ rárá fún ọmọ, mo máa ń fẹ́ kí ó ní ẹsẹ̀ tí ó lè fi dúró. Mo ní kí n lọ wá ẹ̀rí. Ropati sì wà níbẹ̀, tó ti Brisbane fẹ̀yìn tì wálé, tó gbé ọkọ̀ asáré aláwọ̀ búlúù bọ̀ nínú kọ̀nténà dípò fíríìjì tí gbogbo ènìyàn ń retí. Láti ọdún méjì tó ti dé, ọkọ̀ náà ti lo ọjọ́ tó pọ̀ lábẹ́ tapólì ju ojú títì lọ. Mo ní bí mo bá rí ẹni tó kábàámọ̀ ní Saleafu, òun ni.

Mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí, ìyókù wà lábẹ́ ọkọ̀. Mo kí ẹsẹ̀ náà, ẹsẹ̀ náà kí mi padà. Moelagi gbé kòkó gbígbóná fún mi. Nígbà tí Ropati jáde, mo ní kí ó ṣí iwájú ọkọ̀ kí n rí ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìgbálẹ̀ àti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì Moelagi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo ní pẹ̀lẹ́ o, ìgbà wo ni wọ́n jí i. Moelagi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé kòkó rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń wà, iwájú ni ẹrù máa ń wà. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é, kì í ṣe ojúmọmọ ló ṣe é.

Mo wá bi Ropati pé ṣé ó kábàámọ̀. Ó nu ọwọ́, ó ní Màmá Leutu, n ò ní tàn yín, ọkọ̀ yìí yóò já yín kulẹ̀. Ó ní táyà rẹ̀ wọ́n, bíréèkì rẹ̀ wọ́n, epo tó wọ́n jù ló ń mu, àti pé bí nǹkan tó tó èékánná bá bàjẹ́ lára rẹ̀, òkè òkun ló ti máa wá. Mo ń fi orí gba gbogbo rẹ̀ wọlé, mo ní ẹ̀rí ti ń pọ̀. Mo yíjú sí Moelagi, mo ní ìwọ ńkọ́, ìyàwó. Ó ní ní tòótọ́, ọkọ òun ń bá ọkọ̀ yìí sọ̀rọ̀ ju bó ti ń bá òun sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ní Brisbane, gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, abẹ́ igi ni wọ́n wà pẹ̀lú ìgò. Ó ní ọkùnrin tó bá wà lábẹ́ ọkọ̀, èèyàn mọ ibi tí ó wà. Mi ò mọ ibi tí mo máa fi ẹ̀rí yẹn sí.

Ropati ní kí n wọlé kí a dé ibi àpáta dúdú ká padà. Mo ní mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ní ọkọ̀ náà kò béèrè. Leutu, wíwọlé rẹ̀ kì í ṣe wíwọlé, ìṣubú ni. Ìdí mi ló kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni orí tẹ̀ lé e, Moelagi ló kó ẹsẹ̀ mi wọlé bí ẹni kó igi ìdáná. Ropati tẹ nǹkan kan, òrùlé ọkọ̀ ká ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn, mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó má tún ba ọkọ̀ jẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ òmíràn, ohun kan ké ramúramù lẹ́yìn wa, mo sì pe orúkọ Ọlọ́run.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ìyókù. Títì etí òkun tí mò ń fẹsẹ̀ rìn láti ìgbà ọmọdé, mi ò mọ̀ pé ó ní àwọn kọ́nà tó dùn bẹ́ẹ̀. Àwọn igi àgbọn ń sáré padà sí èbúté Salelologa. Afẹ́fẹ́ wọ ẹnu mi kò rí ọ̀nà jáde. Mo gbọ́ ẹnì kan tó ń ké bí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n ń fì lórí okùn, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, èmi ni. Tuala dúró lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ kókò, mo sì juwọ́ sí i lọ́nà tí kò yẹ opó. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ, mo ti rẹ́rìn-ín o, ẹ̀rín tí èèyàn ń rín kí àlejò má baà bínú, ṣùgbọ́n èyí, láti ìsàlẹ̀ ikùn ló ti wá, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a dé ibi àpáta dúdú, iná kékeré kan tàn níwájú Ropati, ó pọ́n bí ìbẹ́pẹ tó gbó. Mo ní ó mà dára o, mo bi í pé ṣé fún ẹwà ni. Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó dúró. Èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn. Kò sí igi, kò sí ilé, àpáta dúdú nìkan àti oòrùn. Mo ní ẹ̀rí tí mò ń wá rèé, Ọlọ́run ti gbé e lé mi lọ́wọ́.

A ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kírikíìtì wa yọ lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń ti ìdánrawò bọ̀, pẹ̀lú igi ayò tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù léjìká. Nígbà tí wọ́n rí mi nínú ọkọ̀ asáré tí irun mi dúró ṣánṣán, àwọn kan jókòó sílẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé ọkọ tuntun ni, tàbí ìgbà èwe ló padà dé. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, pé orúnkún mi ò lè rìn ín, wọ́n gbé igi ayò wọn lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti ọkọ̀ náà. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n fi kọrin. Ropati ń darí, èmi ń lu igi ayò mọ́ra wọn. Báyìí ni wọ́n ṣe tì mí wọ Saleafu bí ayaba tí wọ́n ń mú bọ̀ láti ìrìn àjò, àwọn ará ilé jáde, pásítọ̀ jáde, ajá gbogbo jáde. Ọ̀pá rọ́bà omi kan tí kò gùn ju ọwọ́ mi lọ ló bẹ́. Yóò di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òmíràn tó ti Brisbane dé. Mo wo ojú Ropati kí n lè rí àbámọ̀ níbẹ̀, ńṣe ló ń tàn bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún láya.

Bí a ti ń mu kòkó kejì ni mo sọ fún Moelagi bí o ti já lu ọ̀rọ̀ mi nínú fóònù. Ìgbà yẹn ló ṣàlàyé fún mi, ó sì ní ṣé mo gbọ́ ọ dé òpin. Mo ní mi ò gbọ́ ọ, mo ti fi ìrọ̀rí bò ọ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́. A jọ gbọ́ ọ. Ní ìparí, lẹ́yìn gbogbo ọ̀rọ̀ nípa táyà àti báǹkì, o wá ní: “Màmá, ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì. Kò sí ọjọ́ tí ẹnì kan kì í tẹ agogo pé kí n dúró. Mo kàn fẹ́ wa ọkọ̀ kan tí kò ní agogo.”

Moelagi ò wojú mi. Ó dìde lọ wo adìẹ tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Rú, mo lọ bá Tuala níbi tó ti ń bó kókò. Ó ní ṣé mo ti kọ ìwé náà. Mo ní rárá. Ó ní gbogbo ìlú rí mi lánàá, ó rò pé ojú á ti tì mí. Mo jókòó tì í. Mi ò gbé ohùn sókè, o mọ̀ pé mi ò gbé ohùn sókè sí i rí, láti kékeré wa. Mo ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọdún méjìdínlógún, ọmọ yìí ló ń gbé wa. Gbogbo wa pátá la wà nínú ọkọ̀ ẹ̀, níbi tá a jókòó sí yìí. Ẹ jẹ́ kó wa ọ̀kan tí a ò sí nínú ẹ̀.”

Ó bó odindi kókò mẹ́ta tán. Lẹ́yìn náà ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé lóòótọ́ ni òrùlé náà ń ká ara rẹ̀. Ní ọ̀sán, Moelagi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo nǹkan. Tuala ló jókòó sínú ọkọ̀ Ropati lábẹ́ tapólì, ọkọ̀ tí kò lè rìn, ó di ìdarí mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo iwájú gán-ún. Nígbà tí aya rẹ̀ wá pè é, ó ní òun ń gbé ọ̀rọ̀ Leutu yẹ̀ wò. Ó tún padà lọ gbé e yẹ̀ wò lánàá. Lónìí ó ránṣẹ́ pé kí n kọ ọ́ sí ọ pé ẹbí lóhùn sí i, kí n sì kọ ọ́ pé òun ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ọ́.

Nítorí náà, rà á. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí Ropati ní kí n sọ fún ọ, torí ó mú mi búra. Ó ní ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ sí, bí ìwé ìwọ̀n ọmọ ní ilé ìwòsàn. Bí ọ̀gbẹ́ni náà bá ní ìwé ti sọnù, fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún un, bó ti wù kó máa dán tó. Kí o mú mẹkáníìkì tó mọ irú rẹ̀ lọ wò ó kí o tó sanwó, kì í ṣe mẹkáníìkì tí ọ̀gbẹ́ni náà bá mú wá. Kí o máa tọ́jú owó kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àìsàn rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì yá. Ó sì ní kí o má jẹ́ kí ó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa gbé ọ lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ìyẹn kò le, ọmọ mi ní bọ́ọ̀sì. Ti iléeṣẹ́ adójútòfò tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, tí kì í dá a padà bí nǹkan kò bá ṣẹlẹ̀, Tuala ní kí o san án, pé bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń fún pásítọ̀.

Owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù, dá a dúró títí di Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Ọmọdé nínú oṣù kẹwàá. A ti jíròrò rẹ̀. Kókò wà lóko, ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án wà nílẹ̀, ọwọ́ wà lára àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ṣùgbọ́n fi ìwọ̀nba tó máa ra àpò ìyẹ̀fun kan ránṣẹ́, kì í ṣe pé a ṣaláìní, bí mo bá kọ̀wé sí ọmọ tí mi ò tọrọ nǹkan kan, wọ́n á ní ara mi ò yá. Bó bá ṣẹ́kù díẹ̀, fi ti oògùn orúnkún mọ́ ọn, ọ̀tún nìkan.

Moelagi ló mú ìwé yìí bọ̀, ó fẹ́ wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Auckland. Ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, nípa ìjókòó kejì ni. Bí wọ́n bá gbọ́ pé o ra ọkọ̀, gbogbo ará ilé wa tó wà ní Auckland ni yóò fẹ́ kí o gbé wọn dé ibì kan, o ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mo ṣì í ṣe. Ní oṣù àkọ́kọ́, má gbé ẹnikẹ́ni. Ṣí òrùlé rẹ̀, lọ síbi tí títì bá lọ. Kí Ọlọ́run ṣíwájú rẹ ní gbogbo kọ́nà, kí ó tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Bí wọ́n bá sì béèrè pé ṣé kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀ yẹn, sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Fuatino, ìyá rẹ